Ìyá Ìmọ́tótó àti Kòkòrò Inú Ẹrẹ̀

Bí ẹ bá wọ ilé ìwòsàn náà láàárọ̀, kí ẹ tó rí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì kankan, obìnrin kan lẹ máa kọ́kọ́ rí. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó so aṣọ mọ́rí, ó sì ń ti igi ìnulẹ̀ síwájú bí ẹni tó ń lé nǹkan jáde nínú ilé. Òun ló ń nu gbọ̀ngàn tí àwọn aláìsàn ti ń dúró de dókítà, òun ló ń nu yàrá iṣẹ́ abẹ, òun náà ló ń nu wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé. Ọdún kẹrìndínlọ́gbọ̀n rẹ̀ nìyẹn lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ìyá Ìmọ́tótó ni wọ́n ń pè é.

Kì í fọwọ́ ṣílẹ̀kùn. Ìgbọ̀nwọ́ ló fi ń tì í. Bí ẹnikẹ́ni bá húkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á di èémí mú títí á fi kọjá ibẹ̀. Nílé, ẹ̀ẹ̀mejì ló máa ń se omi mímu. Ó ní síse àkọ́kọ́ ń pa àwọn kòkòrò tó lọ́lẹ, síse kejì ń pa àwọn olóríkunkun. Nọ́ọ̀sì àgbà a máa sọ pé bí Ìyá Ìmọ́tótó bá dé ọ̀run, ohun tó máa kọ́kọ́ béèrè ni ìgbà tí wọ́n nulẹ̀ ibẹ̀ kẹ́yìn. Gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín. Òun náà á bá wọn rẹ́rìn-ín, nítorí kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú wọn pé ẹ̀rù ló ń bà á, àti pé láti ọdún mọ́kànlélógún ni ẹ̀rù náà ti ń bà á.

Àbúrò kan ṣoṣo ló ní, ọmọ ìyá rẹ̀. Ìyá wọn ní oko ìrẹsì kan lẹ́yìn ìlú, nísàlẹ̀ ibi tí omi odò ti ń ya wọ àwọn oko. Lọ́jọ́ kan, àbúrò náà ń tu koríko nínú oko, ó sì fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ìkarahun ìgbín kan tó fọ́ sínú ẹrẹ̀. Ojú ọgbẹ́ náà ò ju èékánná ìka lọ. Ó fi omi oko ṣan ẹsẹ̀, ó rẹ́rìn-ín pé kò tó nǹkan, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Lọ́jọ́ kẹta, ẹsẹ̀ ti wú dé orúnkún. Lọ́jọ́ karùn-ún, ara rẹ̀ gbóná bí ìkòkò orí iná, kò sì dá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ̀ mọ́. Lọ́jọ́ keje, ó kú sínú wọ́ọ̀dù tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti fọwọ́ ara rẹ̀ nu láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Dókítà ṣàlàyé fún un pé, "Kòkòrò tójú ò lè rí ló gba ojú egbò wọlé. Inú ẹrẹ̀ ló ti wá."

Láti ọjọ́ náà ni nǹkan kan ti yí nínú obìnrin yìí. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ó wá dà bíi pé gbogbo ayé ló kún fún ẹnu tójú ò lè rí, tó ń yán hànhàn láti gé èèyàn jẹ. Àbúrò náà fi ọmọbìnrin kan sílẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin. Ìyá Ìmọ́tótó kò bímọ tirẹ̀. Ó gbé ọmọ náà pọ̀n lọ́jọ́ ìsìnkú, kò sì sọ ọ́ kalẹ̀ mọ́. Kékeré ló ń pè é, Màámi ni ọmọ náà ń pè é. Kékeré ò mọ ju pé àìsàn ló pa ìyá tó bí i. Ìyá Ìmọ́tótó ò lè sọ ìyókù. Bó bá ti fẹ́ sọ ọ́, ahọ́n rẹ̀ á dì.

Nígbà tí ìyá wọn náà kú, òun ló jogún oko. Oúnjẹ ilé ni, kò lè jù ú nù. Ṣùgbọ́n bí ẹni ń wọ ojú ogun ló fi ń wọ̀ ọ́: bàtà rọ́bà dé orúnkún, ìbọ̀wọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Igun kan wà níbẹ̀ tí kì í dé rárá. Igun ìsàlẹ̀ ni, lẹ́bàá ibi tí omi oko ń gbà jáde, níbi tí àbúrò rẹ̀ ti tẹ ìkarahun ìgbín. Bàbá tí oko wọn jọ pààlà ló ń bá a gbin ibẹ̀. Nítorí pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ rí tí bàbá yìí kì í sọ pé òun ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, Bàbá Mo-ti-Sọ ni gbogbo àgbẹ̀ ibẹ̀ ń pè é.

Ọdún kan wá dé tí àrùn tí àwọn àgbẹ̀ ń pè ní Ajówé wọ àwọn oko náà. Èbu kan tí afẹ́fẹ́ ń gbé kiri ló ń fà á. Lára ewé ló ti kọ́kọ́ ń yọ: àmì tó rí bí ojú èèyàn, tó ṣóńṣó lápá méjèèjì, àárín rẹ̀ funfun bí eérú, etí rẹ̀ pọ́n bí irin tó dípẹtà. Bí o bá dúró láàárín oko, ẹgbẹ̀rún ojú ló ń wò ọ́. Lẹ́yìn náà, á gun òkè lọ sí ọrùn ṣírí. Ìrẹsì tó lọ́mọ nínú a máa tẹríba. Èyí tí Ajówé bá gé lọ́rùn ló ń nàró ṣánṣán, nítorí kò sí ohun tó wúwo lórí rẹ̀. Lọ́dún yẹn, oko Ìyá Ìmọ́tótó fẹ́rẹ̀ẹ́ nàró tán láti òkè dé ìsàlẹ̀. Oko tó ń mú àpò méjìdínlógún wá, àpò mẹ́ta ni wọ́n rí kó nínú rẹ̀.

Kékeré ti dàgbà nígbà náà. Ó ti jáde nílé ẹ̀kọ́ gíga, ó sì ti ń ṣiṣẹ́ níbi kan tí wọ́n ti ń ṣèwádìí ohun ọ̀gbìn, ìrìn àjò wákàtí mẹ́rin sílé. Nígbà tí àkókò ìgbìn tún dé, ó wálé pẹ̀lú àpótí kan tó fi aṣọ tútù wé. Ó gbé e sórí tábìlì ilé ìdáná, ó ṣí i. Ìgò mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀, omi inú wọn sì dà bí omi tí wọ́n fi fọ ìrẹsì.

Ìyá Ìmọ́tótó na ọrùn wò ó. "Kí nìyẹn?"

"Oògùn Ajówé ni, Màámi. Ẹ má pè é lóògùn ṣáá. Kòkòrò ni."

"Kòkòrò wo?"

"Tójú ò lè rí. Inú ilẹ̀ ni mo ti rí wọn. Mo sìn wọ́n títí wọ́n fi pọ̀."

Ìyá Ìmọ́tótó kò mọ ìgbà tó fi ẹ̀yìn rìn kan ògiri. Àwo tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bọ́, ó fọ́. "Ó wà láàyè? O gbé e sórí tábìlì tí a ti ń jẹun?"

"Mo ti dé ìgò wọn pa, Màámi."

"Gbé e kúrò níbẹ̀! Kékeré, mo bẹ̀ ọ́, gbé e kúrò níbẹ̀!"

Kékeré gbé e lọ sí ẹ̀yìn ilé. Nígbà tó padà wọlé, Ìyá Ìmọ́tótó ti da bílíìṣì, omi tí wọ́n fi ń pa kòkòrò nílé ìwòsàn, sórí tábìlì, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì họ ọ́ bí ẹni fẹ́ kí igi náà bó. Ọmọ náà jókòó, ó rọra bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

"Ìrẹsì ní ohun ìjà lára, Màámi. Bí Ajówé bá bà sórí ewé, ewé náà lè jà. Kìkì pé ó máa ń pẹ́ kó tó mọ̀ pé olè ti wọlé. Àwọn kòkòrò tí mo mú wá yìí, ara gbòǹgbò ni wọ́n ń gbé. Bí wọ́n bá ti wà níbẹ̀, ìrẹsì náà á wà lójúfò láti ìdí dé orí ewé. Bí àrùn bá wá dé, kò ní bá a lójú oorun."

Ìyá Ìmọ́tótó dáwọ́ dúró díẹ̀. Ó ti rí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ọwọ́ tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́ nílé ìwòsàn. "Bí abẹ́rẹ́ àjẹsára?"

"Ó jọ ọ́. Kì í ṣe ọ̀kan náà, àmọ́ ó jọ ọ́."

"Níbo lo ti rí wọn?"

"Nínú oko wa náà ni. Ọdún tó kọjá, nígbà tí gbogbo ẹ̀ jóná, igun kan wà tí kò fi bẹ́ẹ̀ jó. Nígbà tí ẹ wà níbi iṣẹ́ ni mo lọ wa ẹrẹ̀ ibẹ̀. Igun ìsàlẹ̀, lẹ́bàá ibi tí omi ń gbà jáde."

Ìyá Ìmọ́tótó gbé búrọ́ọ̀ṣì kalẹ̀. Ẹrẹ̀ náà gan-an ni. Nǹkan tó pa ìyá ni ọmọ lọ fọwọ́ ara rẹ̀ wà jáde, tó sìn ín, tó bọ́ ọ, tó sì gbé e wọlé wá. Ó fẹ́ sọ ọ́. Ó la ẹnu. Ohun tó jáde ni pé, "Lọ fọ ọwọ́ rẹ."

Ọ̀sẹ̀ yẹn, kò rí oorun gidi sùn. Bó bá wà níbi iṣẹ́, tó ń fún ìnulẹ̀ sínú garawa, á máa rò ó pé bóyá ìdérí ìgò kan ti ṣí nílé. Kò lè dá ọmọ náà lẹ́kun. Ọdún tó tún bá rí bí èyí tó kọjá, ebi á pa ilé. Kékeré sì ti ń fi tayọ̀tayọ̀ sọ fún Bàbá Mo-ti-Sọ pé oko Màámi ni wọ́n á ti kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀ wò.

Ọjọ́ ìgbìn pé. Wọ́n ti fa àwọn ọmọ ìrẹsì tu níbi tí wọ́n ti hù, wọ́n dì wọ́n ní ìdì ìdì. Kékeré gbé ọpọ́n ńlá méjì sí etí oko, ó da ìgò mẹ́ta mẹ́ta sínú wọn, ó fi omi lú u. Bí wọ́n ṣe máa ṣe é ni pé wọ́n á ki gbòǹgbò àwọn ọmọ ìrẹsì náà bọ inú omi yìí fún bíi wákàtí kan, kí wọ́n tó lọ gbìn wọ́n. Ti ọpọ́n kìíní fún apá ọ̀tún oko, ti ọpọ́n kejì fún apá òsì. Kékeré ò wọ ìbọ̀wọ́. Ó ká apá aṣọ sókè, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́.

Ìgbà yẹn ni Ìyá Ìmọ́tótó rí i. Lójú ìka ìfábẹ̀lá ọmọ náà, ojú ọgbẹ́ kan wà, pupa, tuntun.

"Kí ló ṣe ọ́ lọ́wọ́?"

"Okùn tí a fi di ìrẹsì ló ha mí. Kò tó nǹkan."

Kò tó nǹkan. Ọ̀rọ̀ tí ìyá tó bí ọmọ náà sọ nìyẹn, nínú oko yìí kan náà. Ìyá Ìmọ́tótó fa ọwọ́ ọmọ náà jáde, ó bu omi mímu sí i, ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kékeré ń rẹ́rìn-ín pé, "Màámi, ẹ máa bó mi láwọ̀ o." Nígbà tó ṣe, wákàtí ọpọ́n kìíní pé. Ọmọ náà kó àwọn ọmọ ìrẹsì inú rẹ̀ sínú agbọ̀n, ó gbé wọn, ó sì rìn wọ apá ọ̀tún oko lọ bá Bàbá Mo-ti-Sọ tó wá bá wọn gbìn.

Ó ku Ìyá Ìmọ́tótó àti ọpọ́n kejì. Ó wo omi náà. Kò rí nǹkan kan nínú rẹ̀, àìrí yẹn gan-an ló sì ń dẹ́rù bà á. Kò sọ fún ara rẹ̀ pé òun fẹ́ ṣe é. Ọwọ́ rẹ̀ ló ṣáà wọ inú àpò tó gbé wá, ó fa ìgò bílíìṣì jáde, èyí tí kì í rìn kó má mú dání. Ó wọn ìdérí kan. Ó wo ẹ̀yìn. Ó wọn ìkejì. Ó fi igi rò ó, òórùn bílíìṣì náà sì bá afẹ́fẹ́ lọ. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ kan, ó mí kanlẹ̀.

Èémí náà ò pẹ́ lára rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń gbin apá òsì ni ẹ̀rù mìíràn ti ń bà á, ẹ̀rù pé ọmọ náà á mọ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, Kékeré ò lè dìde lórí ibùsùn. Ó ní òtútù ń mú òun. Ìyá Ìmọ́tótó fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, ó gbóná. Ọjọ́ kẹta. Ó mú ọwọ́ ọmọ náà, ó tú ìka rẹ̀ wò síwá sẹ́yìn. Kò rántí bó ṣe dé ojú títì. Kò rántí ẹni tó fi ọkọ̀ gbé wọn. Ó ṣáà mọ̀ pé òun fi ìgbọ̀nwọ́ ti ilẹ̀kùn ilé ìwòsàn, òun sì pariwo tó jẹ́ pé gbogbo gbọ̀ngàn dìde.

"Ẹ gbà mí! Ó ti mú ọmọ náà! Ó ti mú òun náà!"

Nọ́ọ̀sì àgbà sáré jáde. "Kí ló mú un, Ìyá?"

Ìyá Ìmọ́tótó ṣáà ń nawọ́ sí ìka ọmọ náà. Wọ́n gbé Kékeré wọlé, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Wọ́n ní kí Ìyá Ìmọ́tótó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ó jókòó, ó dìde, ó tún jókòó. Ó bojú wo ilẹ̀ tó ti ń nù láti ọ̀pọ̀ ọdún wá, ó rí àbàwọ́n kan lẹ́sẹ̀ ògiri, ó sì lọ mú ìnulẹ̀. Inú aṣọ ilé ló wà, kì í ṣe àkókò iṣẹ́ rẹ̀. Ó nu ojú kan náà títí ó fi ń tàn, ẹkún sì ń dà lójú rẹ̀ sórí ilẹ̀ náà, ó sì ń nu ìyẹn pẹ̀lú. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn.

Nígbà tó ṣe, ọkùnrin tó ń ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ jáde. "Ibà ẹ̀fọn ni, Ìyá. Ibà ẹ̀fọn lásán. Wọ́n ti fún un lóògùn."

"Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀. Ọgbẹ́ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀."

"Dókítà ti wò ó."

"Ẹ jẹ́ kó tún un wò."

Dókítà tún un wò lójú rẹ̀. Ọgbẹ́ náà ti gbẹ, èèpá rẹ̀ ti ń ṣí. Kò wú, kò pọ́n, kò ṣoje. Dókítà ní tí gbogbo ọgbẹ́ bá ń rí báyìí, ebi ni ì bá pa òun. Ìyá Ìmọ́tótó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ara Kékeré ti ń balẹ̀. Wíńdò wà ní ṣíṣí, àwọn aláìsàn yòókù ń sùn. Ìyá Ìmọ́tótó sún mọ́ ọn, ahọ́n rẹ̀ sì tú. Ó sọ bí ìyá ọmọ náà ṣe kú. Ó sọ nípa ìkarahun ìgbín, nípa ọjọ́ keje, àti igun tí ẹrẹ̀ náà ti wá. Kékeré ń wò ó, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá Ìmọ́tótó wá sọ èyí tó le jù fún un láti sọ.

"Mo da bílíìṣì sínú ọpọ́n kejì."

"Ẹ ní kí lẹ dà sí i?"

"Ìdérí méjì."

Ọmọ náà pa ojú dé. "Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń sìn wọ́n, Màámi. Láti ọdún tó kọjá." Ó kọjú sí ògiri. Ìyá Ìmọ́tótó jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi kúrò lójú wíńdò, ọmọ náà ò kọjú sí i. Ẹ̀rù tó bà á ní wákàtí wọ̀nyẹn ju ti kòkòrò lọ. Ọmọ kan ṣoṣo tó ní láyé, ó lè dìde lórí ibùsùn yìí kó má padà wálé mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ni Kékeré tó sọ̀rọ̀. Kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbínú.

"Òótọ́ ni pé kòkòrò ló pa ìyá mi. Mi ò ní purọ́ fún yín. Irú èyí tó pa wọ́n wà nínú ẹrẹ̀, á sì máa wà níbẹ̀. Àmọ́ ẹ̀kúnwọ́ ẹrẹ̀ kan, àwọn tó wà nínú ẹ̀ pọ̀ ju gbogbo èèyàn ìlú yìí lọ. Bí olè kan bá wà nínú ìlú, ṣé gbogbo ìlú la máa dáná sun?"

"Bí mi ò bá mọ olè ọ̀hún lójú ńkọ́?"

"Ohun tí mo lọ kọ́ nílé ìwé nìyẹn." Ó nu imú. "Ó sì yẹ kí n wọ ìbọ̀wọ́. Ẹ̀yin lẹ jàre níbẹ̀."

Ó ní òun á kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ òun pé wọ́n da bílíìṣì sí ọpọ́n kejì, nítorí òtítọ́ ni. Ó padà síbi iṣẹ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì. Ìyá Ìmọ́tótó ló kù pẹ̀lú oko.

Lóṣù kejì lẹ́yìn ìgbìn, ojú ọjọ́ yí. Òjò wínníwínní ń rọ̀ láràárọ̀, kùrukùru bo àwọn oko kì í sì í ká títí ọjọ́ á fi gòkè. Àwọn àgbẹ̀ mọ ohun tí irú ojú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ń mú wá. Wọ́n ń kí ara wọn lẹ́nu ọ̀nà láìdúró. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Bàbá Mo-ti-Sọ na ewé kan sí Ìyá Ìmọ́tótó láti oko tirẹ̀. Ojú kan wà lára rẹ̀, eérú láàárín.

Bàbá náà ní, "Ó ti dé." Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, kò fi kún un pé òun ti sọ.

Láti ọjọ́ náà, ojoojúmọ́ ni Ìyá Ìmọ́tótó ń lọ sóko kó tó lọ síbi iṣẹ́. Á dúró létí omi díẹ̀ kó tó lè bẹ̀rẹ̀ wo ewé. Apá òsì ló kọ́kọ́ mú. Ojú kan, ojú méjì, nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀, kò ṣeé kà mọ́. Ó wo apá ọ̀tún, ó rí àmì níbẹ̀ pẹ̀lú. Kò ṣiṣẹ́, ó sọ nínú ara rẹ̀. Asán ni gbogbo ẹ̀. Ó ké sí Kékeré lórí fóònù, ó sọ ohun tó rí.

"Báwo ni wọ́n ṣe tóbi tó, Màámi? Ẹ wò wọ́n dáadáa. Ẹ má sá."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò wọ́n dáadáa. Ti apá òsì gùn tó èékánná, wọ́n ń pàdé ara wọn, ewé sì ń gbẹ láti orí. Ti apá ọ̀tún rí tíntìn-tín bí orí abẹ́rẹ́, wọ́n dúdú, wọn ò ní eérú láàárín.

"Ẹ máa wò wọ́n. Bí wọn ò bá tóbi sí i, a jẹ́ pé ewé náà ń jà."

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi wò wọ́n. Ó so òwú mọ́ ewé mẹ́wàá lápá ọ̀tún kó lè mọ̀ wọ́n. Láràárọ̀, bó ṣe ń rìn lọ, á máa bẹ̀bẹ̀ lábẹ́ ahọ́n, kò sì mọ ẹni tó ń bẹ̀ gan-an, Ọlọ́run ni o, ìrẹsì ni o, àbí àwọn tíntìn-tín tó wà nídìí rẹ̀. Nínú mẹ́wàá, méjì ló jó. Mẹ́jọ yòókù dúró síbi tí wọ́n wà. Síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Ó rántí pé ọrùn ṣírí ni Ajówé ń pa sí, ṣírí ò sì tíì yọ nígbà náà.

Ṣírí yọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e ló jẹ́ kí ewú rẹ̀ yọ sí i lórí. Nígbà tó di ìkórè, Kékeré wálé, ó sì ka ṣírí ọgọ́rùn-ún ọgọ́rùn-ún láti apá méjèèjì. Lápá òsì, méjìlélọ́gọ́ta ló nàró. Lápá ọ̀tún, mọ́kàndínlógún. Àpò mẹ́wàá ló jáde lápapọ̀. Kò pọ̀ tó ti àtijọ́, ṣùgbọ́n ilé á jẹun.

Ìyá Ìmọ́tótó rò pé ọmọ náà á fò sókè. Kò fò. "Oko kan ni, ọdún kan ni," ó sọ bẹ́ẹ̀. "Bílíìṣì yín pàápàá lè ti fi àárẹ̀ sára àwọn ti apá òsì kí Ajówé tó dé. A gbọ́dọ̀ tún un ṣe."

Wọ́n tún un ṣe lọ́dún kejì. Bàbá Mo-ti-Sọ fi apá kan oko tirẹ̀ sílẹ̀ fún un. Omi lásán ni wọ́n fi ṣe ti ọpọ́n kejì lọ́tẹ̀ yìí, Ìyá Ìmọ́tótó fúnra rẹ̀ ló sì wọ ìbọ̀wọ́, tó ki ọwọ́ bọ ti kìíní. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ò pọ̀ tó ti ọdún àkọ́kọ́, àmọ́ ó wà, ẹni tó bá kọjá lójú ọ̀nà rí i. Bàbá náà ní òun ti sọ.

Ọdún náà ni wọ́n pe àwọn àgbẹ̀ jọ sí gbọ̀ngàn ilé ìwé kan, kí Kékeré lè bá wọn sọ̀rọ̀, kó sì kọ orúkọ àwọn tó bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀ lóko tiwọn. Ó sọ tirẹ̀ tán, ó ní kí Màámi sọ ohun tí ojú wọn rí. Ìyá Ìmọ́tótó dìde. Ó di etí tábìlì mú. Ó sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí, kò yọ bílíìṣì sílẹ̀.

Obìnrin kan tó gbé ọmọ sẹ́yìn nawọ́ láti ìlà ẹ̀yìn. "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá. Nígbà tí ẹ wá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́dún kejì, ṣé ẹ̀rù ò bà yín mọ́?"

"Ó bà mí," Ìyá Ìmọ́tótó dá a lóhùn. "Ó ṣì ń bà mí bí mo ṣe dúró yìí."

Obìnrin náà rò ó wò, ó gbé ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ sókè dáadáa. Ó ní kí wọ́n kọ orúkọ òun sílẹ̀.